Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: bí a ṣe ń mọ ìrísí àti àdàlú ọ́bítà nínú mólékù hypervalent

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì: “Sọ ìrísí ClF₃, kí o sì sọ irú àdàlú ọ́bítà tí átọ́ọ̀mù àárín rẹ̀ ní.” Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ti jókòó tì ni ó máa ń dáhùn kíákíá pé onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ ni, pé sp² ni, nítorí pé wọ́n rí fúlóríìnì mẹ́ta, wọ́n sì rántí BF₃ tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Èsì náà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọn kò kàwé. Orúkọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọn kò tíì ka ohun tí ó wà nílé. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹ̀kọ́ yìí mu gan-an: kíkà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń ṣáájú, ìrísí ni ó ń tẹ̀ lé e, orúkọ àdàlú ọ́bítà ni ó ń gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá di ètò yìí mú kò ní nílò láti há àwọn mólékù sórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ mélòó kan ni mo gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ ná. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà nínú àwọn mólékù wọ̀nyí kì í dá rìn. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Méjì tí ó so átọ́ọ̀mù kan mọ́ òmíràn ni n ó máa pè ní èjì ìsopọ̀. Méjì tí ó jókòó sára átọ́ọ̀mù àárín láì so mọ́ ẹnikẹ́ni, èyí tí a ń pè ní lone pair nínú kíláàsì, ni n ó máa pè ní èjì adáwà. Ọ́bítà ni ààyè tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé yíká átọ́ọ̀mù, lẹ́tà s, p àti d ni a fi ń pe oríṣi rẹ̀. Ohun tí mo sì ń pè ní àdàlú ọ́bítà ni àwọn àmì bí sp³ àti sp³d tí ìdánwò máa ń béèrè, tí ó ń sọ irú ọ́bítà tí a dà pọ̀.

Irú mólékù tí à ń sọ

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, H₂O, NH₃, CH₄ àti CO₂ ni a fi ń kọ́ni ní ìrísí mólékù, gbogbo wọn ni ó sì ń tẹ̀ lé òfin mẹ́jọ: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ péré ni ó yí átọ́ọ̀mù àárín wọn ká. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ dé ìlà kẹta nínú àtẹ àwọn èròjà, lọ́dọ̀ fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, imí-ọjọ́ àti kílóríìnì, tí a sì tún lọ sísàlẹ̀ wọn lọ́dọ̀ brómíìnì, áyódíìnì àti sẹ́nọ́ọ̀nù, a óò bá àwọn àpòpọ̀ pàdé tí àwòrán wọn lórí ìwé fi ju mẹ́jọ lọ hàn yíká átọ́ọ̀mù àárín. PCl₅ ní mẹ́wàá, SF₆ ní méjìlá, IF₇ ní mẹ́rìnlá. Ní 1969 ni onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tí ń jẹ́ Musher pe irú wọn ní hypervalent, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára.

Ìlànà tí a fi ń mọ ìrísí wọn ti wà ṣáájú orúkọ yìí. Sidgwick àti Powell ni wọ́n so ìrísí mọ́ iye èjì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní 1940. Gillespie àti Nyholm sì mú un gbòòrò ní 1957 títí ó fi di ohun tí a mọ̀ sí VSEPR, ìyẹn ìlànà ìtì láàárín àwọn èjì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìpele ìta. Kókó rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: àwọn èjì tí ó yí átọ́ọ̀mù kan ká ń ti ara wọn, wọ́n sì ń jìnnà síra wọn dé ibi tí ààyè bá gbà wọ́n dé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá átọ́ọ̀mù àárín

Òun ni èyí tí àwọn yòókù so mọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ láti fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra kéré jù lọ láàárín wọn. Fúlóríìnì kì í wà láàárín nínú irú àpòpọ̀ yìí. Nínú I₃⁻, níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jẹ́ áyódíìnì, ọ̀kan yóò dúró láàárín, méjì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. A óò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù

Iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà ní ìpele ìta átọ́ọ̀mù àárín ni ẹ óò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀: márùn-ún fún fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, mẹ́fà fún imí-ọjọ́, méje fún kílóríìnì, brómíìnì àti áyódíìnì, mẹ́jọ fún sẹ́nọ́ọ̀nù. Ẹ fi ẹyọ kan kún un fún fúlóríìnì, kílóríìnì, áyódíìnì tàbí háídírójìn kọ̀ọ̀kan tí ó so mọ́ ọn, nítorí pé ẹyọ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mú wá sínú ìsopọ̀. Ọ́síjìn tí kò so mọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí átọ́ọ̀mù àárín kò mú nǹkan kan wá nínú ìṣirò yìí, òdo ni ẹ óò kọ fún un. Méjì ni ó ń wá kí ó tó pé mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ átọ́ọ̀mù àárín ni a sì ti kà wọ́n tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àmì tí ó wà lórí rẹ̀ bí ó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ìyẹn bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ bá ti lé tàbí dín. Àmì àyọkúrò kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan wọlé, nítorí náà ẹ ó fi kan kún un. Àmì ìròpọ̀ túmọ̀ sí pé ọ̀kan ti jáde, ẹ ó yọ kan kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣubú níbí, nítorí pé ojú wọn rí àmì àyọkúrò, ọwọ́ wọn sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ rántí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ni ó ru àmì àyọkúrò náà wá sínú áyọ́ọ̀nù.

Ẹ pín àpapọ̀ sí méjì, iye èjì ni ẹ rí yẹn. Ẹ wá yọ iye átọ́ọ̀mù tí ó so mọ́ àárín kúrò nínú iye èjì náà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni èjì adáwà. Fún ClF₃, 7 + 3 jẹ́ 10, èjì márùn-ún ni. Mẹ́ta ń so fúlóríìnì, méjì jẹ́ adáwà. Fún SF₄, 6 + 4 jẹ́ 10, èjì márùn-ún, adáwà kan. Fún ICl₄⁻, 7 + 4 + 1 jẹ́ 12, èjì mẹ́fà, adáwà méjì. Fún XeO₃, 8 + 0 jẹ́ 8, èjì mẹ́rin, adáwà kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ìṣirò yìí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tí ó bá dá yín lójú pé ẹ ti mọ ìdáhùn. BF₃ tí ó ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ní èjì mẹ́ta péré, nítorí pé bóróọ̀nù kò mú ju mẹ́ta wá. ClF₃ ní márùn-ún. Ìyàtọ̀ gbogbo wà nínú ìlà kan yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ to àwọn èjì náà

Ohun tí mo máa ń gbé wọ kíláàsì ni fèrè onírọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Ẹ fẹ́ márùn-ún kí wọ́n tóbi bákan náà, ẹ fi òwú so ìdí gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ojú kan ṣoṣo, kí ẹ sì fún òwú náà dáadáa. Ẹ ó rí i pé wọn yóò wá ibùjókòó ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tò wọ́n: mẹ́ta yóò tẹ́ yíká bí ààrò mẹ́ta tí a gbé ìkòkò lé, ọ̀kan yóò nà sókè, ọ̀kan yóò nà sísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tì wọ́n kúrò níbẹ̀, bí ẹ bá ti mú ọwọ́ kúrò ni wọn yóò padà. Bí èjì márùn-ún ṣe ń tò gẹ́lẹ́ nìyẹn, ìrísí tí í ṣe pírámíìdì onígun mẹ́ta méjì tí wọ́n fi ìdí lé ara wọn. Mẹ́ta tí ó dà bí ààrò ni n ó máa pè ní ipò ìbàdí, méjì tí ó nà sókè àti sísàlẹ̀ ni n ó máa pè ní ipò òpó. Láàárín ìbàdí sí ìbàdí, igun náà jẹ́ 120°. Láàárín òpó sí ìbàdí, 90° ni.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni ó yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nínú CH₄, ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kò sí èyí tí ó sàn ju èkejì lọ. Nínú ìrísí onímárùn-ún, ipò òpó àti ipò ìbàdí kò dọ́gba: ẹni tí ó wà ní òpó ní aládùúgbò mẹ́ta tí ó sún mọ́ ọn ní 90°, ẹni tí ó wà ní ìbàdí ní méjì péré, àwọn méjì yòókù jìnnà sí i ní 120°. Ìbàdí fẹ̀ ju òpó lọ. Gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrin, orí àìdọ́gba yìí ni ó dúró lé.

Èjì mẹ́rin máa ń to ara wọn sí olójú mẹ́rin, pẹ̀lú igun 109.5°. Èjì mẹ́fà máa ń to ara wọn sí olójú mẹ́jọ: mẹ́rin yíká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, gbogbo igun tí ó wà láàárín àwọn aládùúgbò sì jẹ́ 90°. Níbẹ̀, bí ẹ bá yí i padà lọ́nàkọnà, ìkan náà ni, kò sí òpó, kò sí ìbàdí. Èjì méje ṣọ̀wọ́n. Nínú IF₇, márùn-ún wà yíká ìbàdí ní 72° síra wọn, méjì wà ní òpó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi èjì adáwà sí ààyè rẹ̀

Èjì ìsopọ̀ ní átọ́ọ̀mù méjì tí ń fà á, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítorí náà ó tín-ín-rín. Èjì adáwà kò ní ju ẹyọ kan tí ń fà á lọ, nítorí náà ó sanra, ó sì ń gba ààyè. Láti ibẹ̀ ni a ti rí i pé ìtì tí ó lágbára jù lọ wà láàárín adáwà àti adáwà, èyí tí ó tẹ̀ lé e wà láàárín adáwà àti ìsopọ̀, èyí tí ó rọ̀ jù lọ wà láàárín ìsopọ̀ àti ìsopọ̀. Ìtì tí ó wà ní 90° nìkan ni ó yẹ kí a kà. Tí 120° kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ClF₃ kí a tú u palẹ̀. Èjì márùn-ún ni, méjì jẹ́ adáwà. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni a lè gbà fi adáwà méjì sí ipò márùn-ún.

Bí a bá fi àwọn méjèèjì sí òpó, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, adáwà kọ̀ọ̀kan yóò dojú kọ ìsopọ̀ mẹ́ta ní 90°, ó di ìtì adáwà-ìsopọ̀ mẹ́fà. Ọ̀nà yìí ni ó máa mú ClF₃ di onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ, ìdáhùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fún mi.

Bí a bá fi ọ̀kan sí òpó, tí a fi èkejì sí ìbàdí, àwọn adáwà méjèèjì yóò dojú kọ ara wọn ní 90°. Ìtì tí ó burú jù lọ nìyẹn, a kì í gbà á láàyè bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ìtì adáwà-ìsopọ̀ mẹ́ta ni ó tẹ̀ lé e.

Bí a bá fi àwọn méjèèjì sí ìbàdí, 120° wà láàárín wọn, wọn kò sì bá ara wọn pàdé ní 90° rárá. Adáwà kọ̀ọ̀kan dojú kọ ìsopọ̀ òpó méjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Mẹ́rin kéré sí mẹ́fà, kò sì sí ìjà adáwà sí adáwà. Ọ̀nà kẹta yìí ni mólékù náà yàn. Fúlóríìnì méjì wà ní òpó, ọ̀kan wà ní ìbàdí, ìrísí rẹ̀ sì dà bí lẹ́tà T.

Wíwọ̀n fi èyí múlẹ̀. Igun tí ó wà láàárín fúlóríìnì òpó àti ti ìbàdí nínú ClF₃ jẹ́ 87.5°, kì í ṣe 90° gan-an, nítorí pé àwọn adáwà tí ó sanra ti ti apá T náà síwájú díẹ̀. Fúlóríìnì ìbàdí jìnnà sí kílóríìnì ní nǹkan bí 160 píkómítà (píkómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mìlímítà), àwọn ti òpó ní nǹkan bí 170. Ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, a óò tún lò ó.

Ìlànà tí a rí fà yọ láti ibí kúrú: nínú ìdílé onímárùn-ún, ìbàdí ni ibùjókòó adáwà, títí yóò fi kún. Nínú ìdílé onímẹ́fà, adáwà àkọ́kọ́ lè jókòó síbi tí ó bá wù ú, nítorí gbogbo ipò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹnìkejì gbọ́dọ̀ jókòó sí òdì kejì rẹ̀ ní 180°, kí wọ́n má bàa ko ara wọn lójú ní 90°.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dárúkọ ìrísí náà

Orúkọ ìrísí wà fún ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù wà nìkan. Adáwà ni ó ń darí wọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í kà á mọ́ orúkọ.

Nínú ìdílé onímárùn-ún, PCl₅ tí kò ní adáwà kankan jẹ́ pírámíìdì méjì náà gan-an. SF₄ ní adáwà kan ní ìbàdí, ohun tí ó kù sì jọ jáńgílófà onípákó tí ọmọ méjì jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀: fúlóríìnì òpó méjèèjì ni àwọn ọmọ náà, ti ìbàdí méjì ni ẹsẹ̀ tí pákó náà dúró lé. Adáwà náà tì wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí igun òpó sí òpó fi wá sí nǹkan bí 173°, tí igun ìbàdí sí ìbàdí sì sọ̀kalẹ̀ láti 120° dé nǹkan bí 102°. ClF₃ jẹ́ T. XeF₂ ní adáwà mẹ́ta tí ó gba ìbàdí tán, fúlóríìnì méjèèjì wà ní òpó, ó sì gún régé ní 180°. Èyí máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, wọ́n rò pé bí adáwà bá ti wà, mólékù gbọ́dọ̀ tẹ̀ bíi ti omi. Adáwà mẹ́ta tí ó yí ìbàdí ká dọ́gba ń ti ara wọn, kò sì sí apá kan tí wọ́n lè ti fúlóríìnì sí.

Áyọ́ọ̀nù I₃⁻ tí mo ṣèlérí náà wà nínú ìdílé yìí: 7 + 2 + 1 jẹ́ 10, èjì márùn-ún, adáwà mẹ́ta, ó gún bí ọ̀pá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kán omi áyódíìnì sórí ègé iṣu nínú yàrá àyẹ̀wò, tí ó sì rí i tí ojú ibẹ̀ di dúdú bí aró, ti bá a ṣe pọ̀ rí. Áyódíìnì kì í fẹ́ yòrò nínú omi lásán, nítorí náà ni a fi ń po potásíọ́ọ̀mù áyódáìdì mọ́ ọn, tí I₃⁻ fi ń jáde. Àwọn áyódíìnì tí ó tò gbọọrọ wọ inú ihò tí okùn sítáàṣì máa ń lọ́ dá bíi ti síprín-ìn, àwọ̀ náà sì yọ. Kíkà tí a fi ìwé àti bírò ṣe ni a fojú rí lórí iṣu yẹn.

Nínú ìdílé onímẹ́fà, SF₆ jẹ́ olójú mẹ́jọ tí kò ní àbùkù, igun rẹ̀ 90° ni káàkiri. BrF₅ ní adáwà kan, fúlóríìnì mẹ́rin wà nídìí, ọ̀kan wà lórí, pírámíìdì onídìí igun mẹ́rin ni; adáwà tí ó wà nísàlẹ̀ ń ti àwọn fúlóríìnì ìdí sókè, igun tí ó wà láàárín ti orí àti ti ìdí fi sún dé nǹkan bí 85°. XeF₄ ní adáwà méjì tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, fúlóríìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tẹ́ pẹrẹsẹ ní onígun mẹ́rin. ICl₄⁻ rí bákan náà. Ọdún 1962 ni XeF₄ jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún kan náà tí Neil Bartlett ní Kánádà fi hàn pé sẹ́nọ́ọ̀nù, gáàsì tí gbogbo ènìyàn gbà pé kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀, lè wọ inú àpòpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí àwọn átọ́ọ̀mù tí ó so mọ́ àárín kò bá jẹ́ irú kan náà

Ìsopọ̀ ọ́síjìn tí a máa ń fi ìlà méjì yà sanra ju ìsopọ̀ ẹyọ lọ, nítorí náà ó ń hùwà bí adáwà: nínú SOF₄, ìbàdí ni ọ́síjìn jókòó sí. Nínú XeOF₄, 8 + 4 + 0 jẹ́ 12, èjì mẹ́fà, átọ́ọ̀mù márùn-ún, adáwà kan. Ọ́síjìn àti adáwà kọjú síra wọn ní òdì kejì, fúlóríìnì mẹ́rin wà nídìí. Bí ó bá jẹ́ fúlóríìnì àti kílóríìnì ni wọ́n jọ wà, bíi ti PCl₂F₃, èyí tí ó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra jù ni ó ń lọ sí òpó: fúlóríìnì méjì wà ní òpó, fúlóríìnì kan àti kílóríìnì méjì wà ní ìbàdí. Ìdí rẹ̀ yóò hàn ní ìgbésẹ̀ tí ó kàn.

Ìgbésẹ̀ keje: orúkọ àdàlú ọ́bítà, àti ohun tí orúkọ náà tó

Nísinsìnyí ni a lè sọmọ lórúkọ. Iye èjì tí ẹ rí ní ìgbésẹ̀ kejì ni ó ń fún yín ní orúkọ: mẹ́rin jẹ́ sp³, márùn-ún jẹ́ sp³d, mẹ́fà jẹ́ sp³d², méje jẹ́ sp³d³. Ẹ kíyè sí i pé adáwà wà nínú kíkà yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú orúkọ ìrísí. PCl₅, SF₄, ClF₃ àti XeF₂ ní ìrísí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n sp³d ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ka àwọn nọ́ńbà kékeré tí ó wà lórí lẹ́tà náà pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ iye èjì: s kan, p mẹ́ta, d kan, márùn-ún ni. Fún ìdánwò, ìdáhùn tí a ń retí nìyẹn, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín. Linus Pauling ni ó mú èrò àdàlú ọ́bítà wá ní 1931, ó sì bọ́gbọ́n mu nígbà náà láti sọ pé átọ́ọ̀mù tí ó ní ju èjì mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ yá ààyè lọ́dọ̀ ọ́bítà d. Àwọn ìṣirò tí Magnusson ṣe, àti èyí tí Reed àti Schleyer ṣe, ní 1990, fi hàn pé ọ́bítà d kò kópa tó bẹ́ẹ̀ nínú ìsopọ̀ àwọn mólékù wọ̀nyí. Agbára tí a nílò láti dé ọ̀dọ̀ wọn ga jù. Nítorí náà, sp³d jẹ́ orúkọ tí ó ń sọ iye èjì àti bí wọ́n ṣe tò. Kò ṣàlàyé ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Bí ẹnìkan bá bi yín pé kí ló dé tí ClF₃ fi jẹ́ T, tí ẹ sì dáhùn pé nítorí pé sp³d ni, ẹ kò tíì dáhùn.

Àlàyé tí ó dúró dáadáa ni ti ìsopọ̀ alátọ́ọ̀mù mẹ́ta ẹlẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin, tí Pimentel àti Rundle gbé kalẹ̀ ní 1951. Ẹ wo XeF₂. Ọ́bítà p kan ṣoṣo ti sẹ́nọ́ọ̀nù nà lórí ìlà tí fúlóríìnì méjèèjì wà, fúlóríìnì kọ̀ọ̀kan sì na ọ́bítà kan sí i. Ọ́bítà mẹ́ta pọ̀, wọ́n sì bí mẹ́ta: ọ̀kan ń so mọ́lẹ̀, ọ̀kan kò so kò tú, ọ̀kan ń tú ká. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ni ó wà, méjì wọ inú èyí tí ń so, méjì wọ inú èyí tí kò so kò tú, èyí tí ń tú ká ṣófo. Èjì kan ṣoṣo ni ó ń so fúlóríìnì méjì mọ́ àárín, ìdajì ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èjì kejì kò sí lára sẹ́nọ́ọ̀nù rárá, ara fúlóríìnì méjèèjì ni ó pín sí.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú iye méjì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ìsopọ̀ òpó nínú ClF₃ gùn ju ti ìbàdí lọ nítorí pé ìdajì-ìdajì ni ti òpó, odindi sì ni ti ìbàdí. Ìkan náà ni nínú PCl₅, 214 píkómítà ní òpó, 202 ní ìbàdí. Àti nínú SF₄, nǹkan bí 165 ní òpó, nǹkan bí 155 ní ìbàdí. Níbí náà ni ẹ ti rí ìdí tí fúlóríìnì fi máa ń sá lọ sí òpó: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kó jọ sí àwọn ìpẹ̀kun òpó, ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jù ni ibẹ̀ sì yẹ. Ìdí kan náà ni SF₆ fi wà tí ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń lò ó nínú ẹ̀rọ tí ń gé iná mànàmáná alágbára gíga, tí SH₆ kò sì sí: háídírójìn kò lè di irú ẹrù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ mú. Ní ti NCl₅ tí kò sí, ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń sọ pé nítorí pé náítírójìn kò ní ọ́bítà d ni. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé átọ́ọ̀mù náà kéré, kílóríìnì márùn-ún kò lè rí ààyè dúró yí i ká.

Ibi tí kíkà nìkan kò tó

Ìlànà yìí ní ààlà, ó sì yẹ kí ẹ mọ ibẹ̀. XeF₆ ní èjì méje, mẹ́fà ń so, ọ̀kan dá wà. Kì í ṣe olójú mẹ́jọ tí ó gún régé, ó wọ́, ìrísí rẹ̀ sì ń yí padà láìdúró. TeCl₆²⁻ náà ní èjì méje nínú kíkà, síbẹ̀ olójú mẹ́jọ tí ó pé ni, bíi pé adáwà rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kílóríìnì mẹ́fà tí ó tóbi ti kún ibẹ̀ pinpin, adáwà náà sì ká wọ inú ọ́bítà s. Nígbà tí èjì bá ti di méje pẹ̀lú adáwà kan, ẹ má ṣe búra.

PF₅ ní ìṣòro mìíràn. Bí a bá fi NMR, ẹ̀rọ tí ń fi agbára òòfà yẹ átọ́ọ̀mù wò, yẹ fúlóríìnì rẹ̀ wò, márààrún dà bí ẹni pé ibì kan náà ni wọ́n wà, kò sí òpó, kò sí ìbàdí. Berry ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1960: òpó méjì ń sún wá sí ìbàdí, ìbàdí méjì ń sún lọ sí òpó, ní kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ náà kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

PCl₅ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ. Nígbà tí ó bá jẹ́ gáàsì, pírámíìdì méjì ni bí a ti sọ. Bí ó bá dì, mólékù kan gbé kílóríìnì kan fún èkejì, ó di PCl₄⁺ àti PCl₆⁻. Ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan: 5 + 4 − 1 jẹ́ 8, èjì mẹ́rin, olójú mẹ́rin, sp³; 5 + 6 + 1 jẹ́ 12, èjì mẹ́fà, olójú mẹ́jọ, sp³d². Nínú òkúta funfun yẹn, kò sí fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ sp³d.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, XeO₂F₂. Sẹ́nọ́ọ̀nù ni àárín. Mẹ́jọ tirẹ̀, méjì láti ọ̀dọ̀ fúlóríìnì, òdo láti ọ̀dọ̀ ọ́síjìn, àpapọ̀ jẹ́ 10, èjì márùn-ún. Átọ́ọ̀mù mẹ́rin ló so mọ́ ọn, nítorí náà adáwà kan ni. Èjì márùn-ún tò bí ààrò mẹ́ta pẹ̀lú òkè àti ìsàlẹ̀. Adáwà sanra, ìbàdí ni tirẹ̀. Ọ́síjìn méjèèjì náà sanra, ipò ìbàdí méjì tí ó kù ni tiwọn. Fúlóríìnì méjì tí ó fẹ́ràn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jù bọ́ sí òpó. Ìrísí rẹ̀ jẹ́ jáńgílófà, pẹ̀lú fúlóríìnì ní ìpẹ̀kun pákó àti ọ́síjìn ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Orúkọ àdàlú rẹ̀ ni sp³d.